Ọjọ́ Mọ́kànlá Tí Odó Ò Dún

Ó rẹ Ìyá Olúdayọ̀. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí èèyàn ń fi oorun tán o. Ó rẹ̀ ẹ́ láti orúnkún dé ọkàn. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ààrò, ó ń wo ìkòkò ògì kékeré kan, ó sì ń gbọ́ odó àwọn aládùúgbò. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ díẹ̀ ní Ìjọ̀kà, ní Iléṣà, odó ló máa ń gba àdúgbò kan. Odó Ìyá Béjidé ń dún lọ́wọ́ ọ̀tún. Odó ilé Ògúnjìnmí ń dún lẹ́yìnkùlé. Ti Ìyá Olúdayọ̀ nìkan ni wọ́n da ojú rẹ̀ dé lábẹ́ òrùlé. Ọjọ́ kọkànlá nìyẹn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ìjẹ̀ṣà tí kò bá jẹ iyán lóòjọ́, kò tíì jẹun. Ó lè ti jẹ ìrẹsì, kó jẹ ẹ̀bà, kó tún fi dòdò lé e, bí ẹ bá bi í, á ní òun ò tíì fẹnu kan nǹkan kan. Bí odó ilé kan kò bá wá dún nírọ̀lẹ́, àdúgbò á ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò: bóyá ebi ni, bóyá òkú ni. Wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n á wá kí yín, ojú wọn á sì máa wá gbogbo kọ̀rọ̀ ilé kiri.

Olúdayọ̀ kò kú. Ó wà nínú yàrá, lórí bẹ́ẹ̀dì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, báńdéèjì lára ikùn rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, akọ̀wé rélùwéè ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú wágùnnù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní Iléṣà níbí ni. Nítorí pé ó gbọ́dọ̀ máa padà lọ wẹ ojú ọgbẹ́ ní ọjọ́ méjì-méjì, ilé ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbé e wá. Nọ́síràtù ìyàwó rẹ̀, ọmọ Òṣogbo, télọ̀, kó àwọn ọmọ wọn méjèèjì fún ìyá tirẹ̀ ní Ìdó-Ọ̀ṣun, ó sì tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀.

Nọ́síràtù yìí ló fi ẹ̀kọ lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Dókítà ló sọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, nọ́ọ̀sì ló kọ ọ́ ní Yorùbá. Kí ó máa jẹun lẹ́ẹ̀mẹfà lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀. Kí ó má mu omi mọ́ oúnjẹ. Kí ó yẹra fún ata, kí ó yẹra fún ṣúgà. Kí ó má kánjú rárá, ohun tó bá wọ ẹnu rẹ̀, kí ó rún un títí yóò fi di omi. Ìlà tó kẹ́yìn sọ pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan iyán títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Ìyá Olúdayọ̀ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ìlà tí wọ́n kọ iyán sí. Bó bá ń kọjá níbẹ̀, á gbé ojú rẹ̀ sá.

Kí ẹ tó bá obìnrin yìí wí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ọmọ mẹ́rin ló bí. Mẹ́ta kú kí wọ́n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Èyí tó kù yìí, oúnjẹ ló fi dì í mú. Ọmọ ọdún méjìlá ni Olúdayọ̀ tó ti ń jẹ iyán tó ń yó àgbà méjì. Àwọn obìnrin àdúgbò á dọ́gbọ́n wá yá iyọ̀, kí wọ́n lè rí bó ṣe ń jẹun. Ìyá rẹ̀ á jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀, á fọwọ́ lérán, á máa wò ó. Bó bá bu òkèlè, á rì í bọ ọbẹ̀, ó lọ, ọ̀fun ìyá rẹ̀ pàápàá á máa gbé e mì.

Ó wá di ọkùnrin, ó sanra, ó tóbi, ó gba ìjókòó ẹni méjì nínú lọ́rì. Ibi tí Nọ́síràtù ti ń wọn ìbàdí rẹ̀ fún ṣòkòtò iṣẹ́ ni wọ́n ti mọra. Téèpù ò ká a, ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì bùṣe.

Bí ọdún méjì sẹ́yìn ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta Olúdayọ̀. Dókítà kan ní Òṣogbo ní ọgbẹ́ inú ni, kí ó fi ata sílẹ̀, kí ó fi oúnjẹ líle sílẹ̀, kí ó máa mu ògì àti mílíìkì. Láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, Nọ́síràtù ń ṣọ́ ọ, ó ń gbọ́ràn. Bí ó bá di Sátidé, á wọ lọ́rì, ó di Iléṣà, ó ń lọ kí ìyá rẹ̀. Kí ló tún kù? Ìyá ti gún iyán sílẹ̀.

"Ọmọ Òṣogbo ò mọ uyán gún," ni ìyá máa ń wí, "ló ṣe ń fi ògì bọ́ ọkọ rẹ̀. Jẹun, jàre."

Sátidé kan, ọ̀yà ni ìyá rẹ̀ fi se ẹ̀gúsí, ó sì lọ ata rodo sí i bí ọmọ rẹ̀ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Olúdayọ̀ jẹ òkìtì iyán méjì. Kò tíì ṣan ọwọ́ tó fi bì. Ẹ̀jẹ̀ ló bì, inú abọ́ iyán náà ló bì í sí. Lọ́rì tó ń kó kòkó ni wọ́n fi gbé e dé ọsibítù.

Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà tán, dókítà pe ìyá àti ìyàwó, ó ní òun ti gé ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta àpòlúkù rẹ̀ sọnù. Ó di ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀, ó nà án sí wọn, ó ní ohun tó kù kò ju báyìí lọ. Ìyá Olúdayọ̀ wo ẹ̀ṣẹ́ náà. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé òkèlè mẹ́ta ọmọ òun ti kún ibẹ̀. Kò sọ ọ́ síta. Ìtìjú ò jẹ́ kó lè sọ ọ́.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ di ẹ̀ẹ̀mẹfà lóòjọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé oúnjẹ kékeré rọrùn, kó wá bá Nọ́síràtù ṣe é. Ògì ní kùtùkùtù, kò gbọdọ̀ ki. Ẹyin rírọ̀ ní agogo mẹ́sàn-án. Omi ẹran lọ́sàn-án. Mọ́ínmọ́ín tí kò ní ata, tí kò ju ìka mẹ́ta lọ. Ògì míràn nírọ̀lẹ́. Mílíìkì kó tó sùn. Bó ti ń fọ ife kan ló ń na ọwọ́ sí òmíràn. Olúdayọ̀ á mu ṣíbí mẹ́ta, á fara ti ògiri, á ní ó tó. Bó bá sáré mu ún, òógùn á bò ó, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ ń yọ́. Nọ́síràtù ti gba ṣòkòtò rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, kò gbà á mọ́, ó kàn ká a sínú àpótí.

Ọjọ́ kọkànlá yìí gan-an, Nọ́síràtù ti lọ gba oògùn ní ọsibítù. Bí odó Ìyá Béjidé ti dákẹ́, òun náà yọ.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ara Dayọ̀ ńkọ́?"

"Ó ń gbádùn. Ó ń sùn."

"Ẹ ṣé. A ò kúkú gbọ́ odó yín ni." Ìyá Béjidé wo ẹnu ọ̀nà yàrá, ó wo ààrò, ó wo ìkòkò ògì. "Àwọn aláìmọ̀kan kan ń sọ ọ́ lọ́jà pé ó ti lọ, pé ẹ kàn ń fi í pa mọ́ ni. Mo bá wọn jà. Mo ní tó bá kú, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbọ́."

"Ẹ ṣeun," ni Ìyá Olúdayọ̀ wí.

Nígbà tí obìnrin náà lọ, ó jókòó títí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Wọ́n ń sin ọmọ òun lọ́jà, ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń mí. Ó dìde, ó mú iṣu kan, ó bẹ ẹ́, ó sè é. Ó ṣí ojú odó. Ó ní kí wọ́n gbọ́ ọ, òun fúnra òun lòun á jẹ ẹ́. Ó gún un títí ó fi fẹ́lẹ̀, tó funfun, tó ń fà. Gbogbo àdúgbò gbọ́.

Ẹlòmíràn náà gbọ́. Nígbà tó gbójú sókè, Olúdayọ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ògiri mú, aṣọ ń bọ́ lára rẹ̀.

"Màmá, ẹ bù díẹ̀ fún mi."

"Padà lọ dùbúlẹ̀, ọkọ mi. Dókítà ní kí o má jẹ ẹ́."

"Mi ò tíì jẹun láti oṣù tó kọjá, Màmá. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé mi ò tíì jẹun."

Ó ti tó ogójì ọdún tí obìnrin yìí ti ń gún iyán fún ọmọ rẹ̀. Kò fi nǹkan kan dù ú rí. Ọwọ́ rẹ̀ ti bu òkèlè kí orí rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó ní ẹyọ kan péré kò lè pa á. Olúdayọ̀ gbé e mì. Ẹ sáà mọ̀ pé a kì í rún iyán. Gbogbo ohun tí ọsibítù kọ́ ọ láti fi eyín ṣe, iyán kò jẹ́ kó ráyè ṣe é. Ó tọrọ èkejì. Ó jókòó sílẹ̀, ó fa iyán mọ́ra, ó bu ẹ̀kẹta, ó bu ẹ̀kẹrin. Ojú rẹ̀ tàn. Ìyá rẹ̀ rí ọmọ rẹ̀ àtijọ́ fún ìṣẹ́jú kan, inú rẹ̀ dùn, kí n má parọ́ fún yín.

Ẹ̀karùn-ún kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí òógùn fi bò ó. Ètè rẹ̀ funfun. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń lù débi pé ìyá rẹ̀ ń rí i lára aṣọ. Ó wó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ó ń bì. Ìyá gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń fi ọwọ́ tú ohun tó bì sílẹ̀ wò, ó ń wá ẹ̀jẹ̀. Kò rí i. Kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́, ó tún tú u wò.

Bẹ́ẹ̀ ni Nọ́síràtù bá wọn. Kò pariwo. Ó gbé oògùn sílẹ̀, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi nu ọkọ rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n gbé e wọlé, ó fẹ́ ẹ títí àyà rẹ̀ fi rọ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ó rẹ̀ mí," ló wí. "Bó bá jẹ́ pé iyán lẹ fẹ́ kó máa jẹ, ẹ sọ fún mi, kí n máa lọ bá àwọn ọmọ mi. Mi ò lè máa fi ṣíbí kó o jọ, kí ẹ máa fi odó tú u ká."

"Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á," ni Ìyá Olúdayọ̀ wí. "Lẹ́ẹ̀mejì."

Nọ́síràtù dìde. Ó gbé iyán tó kù fún àwọn ewúrẹ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló burú jù. Ẹ̀rù oúnjẹ ba Olúdayọ̀. Ẹni tó ń tọrọ òkèlè lánàá kò fẹ́ gbé ṣíbí mọ́. Bí wọ́n bá gbé ògì dé, á mu ẹ̀ẹ̀kan, á kọjú sí ògiri. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Nọ́síràtù sunkún sí i. Nígbà tí wọ́n lọ wẹ ojú ọgbẹ́, nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n, ó mi orí. Ó ní ọgbẹ́ ń jinná, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ń tán lọ. Ó ní bí kò bá jẹun dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á sì máa fi omi sí i lára, òun kò sì lè sọ ibi tí ìyẹn máa já sí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, odó tún bẹ̀rẹ̀ nílé Ìyá Béjidé. Ìyá Olúdayọ̀ rò ó pé wọ́n á tún máa sọ ọ́ lọ́jà lọ́la. Kò lè gún iṣu mọ́ láé, òórùn iyán kò tún gbọdọ̀ wọ yàrá yẹn. Ó kó èèpo iṣu tútù tí wọ́n bẹ lọ́sàn-án, ó dà á sínú odó, ó wọ́n omi sí i, ó sì ń gún un.

Nọ́síràtù yọ sí i pẹ̀lú ife ògì lọ́wọ́. "Ta lẹ̀ ń gún èèpo fún, Màmá?"

"Àdúgbò."

Nọ́síràtù pòṣé, ó wọlé. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn, Ìyá Olúdayọ̀ á ní kí ló dé tí ìyàwó ilé ń pòṣé sí òun. Kò ní okun ìyẹn mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ kẹta. Ìyá Béjidé ń kí i láti ẹ̀yìn ògiri pé ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́ kẹta, etí obìnrin náà ti ń fura.

"Iṣu yín ò tètè fẹ́lẹ̀ o."

"Iṣu ọdún yìí ni," ni Ìyá Olúdayọ̀ dáhùn, ó sì ń gún un lọ. Àwọn ewúrẹ́ ló ń jẹ èèpo gígún náà. Wọ́n ń sanra, ọmọ rẹ̀ ń rù.

Lọ́jọ́ karùn-ún, apá rẹ̀ kọ̀. Ẹni tó lé ní ọgọ́ta ọdún ni, ẹ rántí. Èjìká ọ̀tún ń ro ó láti òwúrọ̀. Ó gún un débi kan, kò lè gbé ọmọ odó sókè mọ́. Ó fi orí ti igi rẹ̀, ó dijú. Ó ní bí àdúgbò bá fẹ́, kí wọ́n máa sọ ohun tó wù wọ́n. Ó sú u.

Kò tíì mí tán tí Nọ́síràtù sáré jáde. Ìyá Olúdayọ̀ rò pé nǹkan ti ṣe ọmọ òun.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ dúró?"

"Apá mi ni. Kí ló ṣe é?"

"Kò sí ohun tó ṣe é." Nọ́síràtù mú ife inú ọwọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ní kó wò ó. Ife tó máa ń padà jáde ní kíkún tẹ́lẹ̀, ògì inú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jìnnà. "Ó ń jẹ ẹ́ mọ́ odó yín ni. Mi ò tètè mọ̀. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni èyí tó ń mu ti ń lé díẹ̀díẹ̀. Ó ń kà á. Bí ẹ bá gún un lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, á mu ṣíbí kan. Á gbé e dúró lẹ́nu títí ẹ ó fi gún mẹ́wàá míràn. Kò sáré, òógùn ò bò ó. Bí ẹ ṣe dúró yìí, òun náà dúró, ó ń wo ojú fèrèsé."

Ìyá Olúdayọ̀ gbójú sókè wo fèrèsé yàrá.

"Mo bi í pé kí ló ń kà. Ó ní láti kékeré òun, bí odó yín bá ti ń dún, òun mọ̀ pé oúnjẹ òun ń bọ̀, pé kò sí ohun tó lè ṣe òun."

Omi bọ́ lójú ìyá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. Ó na ọwọ́ sí ọmọ odó, apá náà kọ̀, ó gbọ̀n wálẹ̀.

"Ṣíbí mélòó ló kù?" ló bèèrè.

"Mẹ́rin."

Nọ́síràtù wọlé, ó gbé ife fún ọkọ rẹ̀. Nígbà tó jáde, ọmọ odó kejì tó ti ń fara ti ògiri láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó ló mú. Láti ọdún méjìlá, wọn kò jẹ́ kó fọwọ́ kàn án nínú ilé yẹn, nítorí ọmọ Òṣogbo kò mọ iyán gún. Ojú rẹ̀ ti wọlé, ọwọ́ rẹ̀ ti bó nítorí ife fífọ̀. Ó dúró sí apá kejì odó, ó sọ ọmọ odó kalẹ̀ lórí èèpo náà, ó tún gbé e. Ìyá Olúdayọ̀ fi ọwọ́ òsì ran ti ọ̀tún lọ́wọ́, ó gbé tirẹ̀ náà. Bí ọ̀kan ti ń lọ sókè ni èkejì ń bọ̀ wálẹ̀. Wọ́n ń ka mẹ́wàá, wọ́n ń dúró díẹ̀, wọ́n tún ń ka mẹ́wàá, títí wọ́n fi gbọ́ tí ṣíbí kẹrin ha ìsàlẹ̀ ife.